Ta Ló Pa Ọmọ Eku?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ létí ẹlòmíràn, nítorí pé orí ẹ̀dá kékeré ló dá lé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. A bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á dé òpin.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní àwọn yunifásítì wa àti ní àwọn ilé ìwádìí ìṣègùn, ilé kan sábà máa ń wà tí wọ́n ti ń sin eku funfun fún àyẹ̀wò. Ibẹ̀ ni eku ti ń gùn, tí wọ́n ti ń bímọ, kí wọ́n tó kó àwọn ọmọ náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ dáadáa. Eku á bímọ mẹ́jọ lónìí. Bí ó bá di ọ̀la, wọ́n lè ti ku márùn-ún. Bí ó bá di ọ̀túnla, wọ́n lè ku méjì, ó sì lè jẹ́ pé ẹyọ kan kò kù mọ́. Wọn kò ní rí òkú. Ìyá nìkan ni wọn á bá nínú àgò, bóyá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu. Ẹjọ́ ti parí nìyẹn: "Ìyá wọn ló jẹ wọ́n." Wọn á kọ ọ́ sínú ìwé, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ kọ ọ́, wọn á sì tún máa retí ìkúnlẹ̀ mìíràn.

Àwọn tó ń sin ehoro lẹ́yìnkùlé ládùúgbò wa náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ehoro bá bímọ tí àwọn ọmọ náà kú, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ìyá náà burú, kí wọ́n pa á jẹ, kí wọ́n ra òmíràn.

Ìbéèrè wa ni pé: ta ló pa ọmọ eku? Bí a bá sì mọ ẹni tó pa á, kí ni ojúṣe àwa tí a kó ìyá rẹ̀ sínú àgò?

Ohun tí eku ti ṣe fún wa

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí. Ní ọdún 1925 ni ìgbìmọ̀ kan tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán jáde dé sí Yábàá ní Èkó láti wádìí ibà pọ́njú. Ibà náà ń pa ará ìlú, ó sì ń pa àwọn tó ń wádìí rẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kú nípasẹ̀ rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1927. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, tí ọwọ́ wọn sì tẹ kòkòrò àrùn náà.

Ọ̀bọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún àyẹ̀wò. Ọ̀bọ wọ́n, ìtọ́jú rẹ̀ sì ṣòro. Ní ọdún 1930 ni Max Theiler fi hàn pé eku funfun lásán lè ṣe iṣẹ́ tí ọ̀bọ ń ṣe. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ti yára. Ní ọdún 1937 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D jáde láti inú irú kòkòrò tí wọ́n gbà lára Asibi, Theiler sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ yìí kún àwọn tí gbogbo ọmọ ń gbà. Ìyá tó bá gbé ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́sàn-án lọ gba àjẹsára ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ jẹ eku ní gbèsè, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ní Ìbàdàn, ọmọ eku jòjòló gan-an ni irinṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, ní yàrá ìwádìí fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n máa ń mú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ ẹran tàbí eégbọn tí wọ́n lọ̀, wọn á sì fún ọmọ eku tí kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ bí a ti ń bá àrùn jà, nítorí náà bí kòkòrò kan bá wà níbẹ̀, òun ni yóò tètè fi hàn. Báyìí ni ayé ṣe mọ àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ orúkọ àdúgbò Ìbàdàn títí dòní: Dugbe, tí wọ́n rí lára eégbọn màlúù, àti Mokola, tí wọ́n rí lára asín ní ọdún 1968.

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ ro èyí wò. Bí ọmọ eku bá kú ní ọjọ́ kejì tí wọ́n fún un ní nǹkan, ṣé kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà ló pa á ni, àbí òtútù, àbí ebi, àbí ìyá? Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń pa ọmọ eku tí a kò fún ní nǹkan kan, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tó pa èyí tí a fún ní nǹkan? Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ikú ọmọ eku kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni pẹ̀lú.

Bí ọmọ eku ṣe ń wá sáyé

Oyún eku kì í ju ọjọ́ 19 sí 21 lọ. Ọmọ tó bá bí, gíráàmù kan tó lé díẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀. Kò ní irun lára, ojú rẹ̀ dì, etí rẹ̀ dì. Ó tó bí ọjọ́ 12 sí 14 kí ojú rẹ̀ tó là. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé bí ó bá ti mu ọmú, wàrà náà á máa hàn funfun níkùn rẹ̀ láti ìta. Èyí tí kò bá sì mu, ikùn rẹ̀ á hàn gbangba pé òfo ni.

Ọmọ yìí kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ìtẹ́ àti ara ìyá rẹ̀ àti ti àwọn tí a jọ bí wọn ni ibi ààbò rẹ̀. Bí ó bá yí kúrò nínú ìtẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí tutù, á sì ké. Ṣùgbọ́n ohùn igbe náà tín-ín-rín ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ tó dúró ti àgò náà kò gbọ́ nǹkan kan, á sì rò pé ibẹ̀ dákẹ́.

Ooru tó tó ìwọ̀n 30 ló tẹ́ eku lọ́rùn jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìsìneku ní ayé, ìwọ̀n 20 sí 24 ni wọ́n ń gbé e sí, nítorí ìyẹn ló rọ ènìyàn tó wọ aṣọ lọ́rùn. Eku tó wà nínú ilé ẹlẹ́rọ amúlétutù, lórí ìyẹ̀ pákó díẹ̀, tí kò ní koríko tàbí bébà tí yóò fi tẹ́ ìtẹ́ tó jinlẹ̀, inú òtútù ló ń bímọ sí. Bí ìyá bá ń lo agbára láti mú ara tirẹ̀ gbóná, agbára tí ì bá fi ṣe wàrà ló ń ná.

Ohun kan tún wà. Láàárín wákàtí 24 tí eku bímọ, ó tún lè gboyún bí akọ bá wà nínú àgò. Nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti kó akọ kan àti abo méjì pọ̀, ó wọ́pọ̀ kí ìkúnlẹ̀ kejì dé nígbà tí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n ti lágbára, tí wọ́n ń sáré kiri, tí wọ́n sì ṣì ń wá ọmú. Ọmọ ọjọ́ kan àti ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò jọ máa du ìyá kan náà. A kò ní láti sọ ẹni tí yóò borí.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń sọ pé ìyá eku ló ń pa ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn kan ní kí àwọn fi kámẹ́rà ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Elin Weber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Ní ọdún 2021, Sophie Brajon àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tún gbé òmíràn jáde. Ohun tí àwọn àwòrán náà fi hàn ni pé ọmọ sábà máa ń kú ná, kí ìyá tó jẹ òkú rẹ̀. Pípa tí ìyá pa ọmọ tó wà láàyè ṣọ̀wọ́n. A kò sọ pé kò sí rárá. Akọ àjèjì pàápàá, tí kì í ṣe bàbá wọn, lè pa ọmọ tí ó bá bá nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí gbogbo ayé fi ń kan ìyá, wọn kò rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ìwádìí ti ọdún 2021 náà tún fi nǹkan mìíràn hàn: kíka tí wọ́n ń ka ọmọ ní ọ̀pọ̀ ilé ìsìneku kò pé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kà wọ́n ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbímọ kò ní mọ̀ pé àwọn kan ti wá, wọ́n sì ti lọ. Inú ìyá ni wọ́n wà. Nínú ìwé, wọn kò bí wọn rí.

Ní ọdún 2020, Gabriela Morello àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ọmọ eku 219,975 wò láti ilé ìsìneku méjì. Wọ́n rí i pé ọmọ tí a bí sínú àgò tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ wà nínú ewu ikú ju èyí tí kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ. Ìyá tó ti dàgbà jù ń pàdánù ọmọ púpọ̀. Ìkúnlẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù náà ń pàdánù. Wọ́n sì ṣe ìṣirò kan tó yẹ kó dẹ́rù bani: bí ó bá ṣe ìdá 15 nínú 100 péré ló ń kú kí wọ́n tó já lẹ́nu ọmú, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ eku ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní láti bí kún un lọ́dọọdún láti fi dí àlàfo náà. Mílíọ̀nù kan ẹ̀dá tí a bí kí wọ́n kú lásán, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi wọ́n rí ìmọ̀ kankan.

Ìdájọ́ láìsí ẹlẹ́rìí

Ẹ wá wò ó báyìí. Ìyá bímọ sínú ilé tí kò yàn, pẹ̀lú ọkọ tí kò yàn, ní ibi tí kò ti lè sá, láìsí ohun tí yóò fi tẹ́ ìtẹ́. Ọmọ kú. Nínú igbó, òkú tó ń rà nínú ìtẹ́ á pe ọ̀tá wá bá àwọn tó kù, nítorí náà ó gbé òkú náà kúrò ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni tó ṣe gbogbo ètò wọ̀nyẹn dé, ó rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì pè é ní apànìyàn àwọn ọmọ rẹ̀.

Yorùbá ní ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ti eku yìí tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé kò sí ẹjọ́ kankan tí a gbọ́. Àtubọ̀tán ni a rí, a sì sọ ọ́ di ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ó tó di ti eku, àwa ènìyàn ti ṣe irú rẹ̀ sí ara wa. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Obìnrin bímọ, ọmọ kú. Ó tún bí, ó tún kú. Kí ni àdúgbò ń sọ? Wọ́n ní ó ń jẹ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Bí wọn kò bá pe ìyá ní àjẹ́, wọ́n á pe ọmọ ní àbíkú, wọ́n á sì fi abẹ kọ ọ́ lára kí ó lè padà dúró. Lónìí a mọ̀ pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àti pé ìyá àti bàbá ló jọ fi í fún ọmọ láìmọ̀. A mọ̀ pé ibà ẹ̀fọn àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa nínú wọn. Síbẹ̀ orí ìyá nìkan ni ẹ̀bi wà. Àwọn obìnrin kan gbé orúkọ yẹn wọ sàréè, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo.

A kò fi obìnrin wé eku o. Ohun tí à ń sọ ni pé ọkàn tó ń dá irú ẹjọ́ méjèèjì, ọkàn kan náà ni. Ó wù ú kí ẹ̀bi ní ojú àti orúkọ, kí ó wà lára ẹni tó sún mọ́ òkú jù lọ. Kò fẹ́ wo ilé, kò fẹ́ wo oúnjẹ, kò fẹ́ wo ètò, nítorí pé bí ó bá wo ìwọ̀nyẹn, ó lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Àbá burúkú, tí a kìlọ̀ rẹ̀ fún wa nínú ẹ̀sìn, kì í ṣe lórí ọmọnìkejì nìkan ló ti ń ba ọkàn jẹ́. Ẹni tó bá mọ́ lára láti dá ẹjọ́ láìwádìí lórí ohun kékeré, kì í pẹ́ tí yóò fi dá a lórí ohun ńlá.

Ṣé eku náà ní ẹ̀tọ́ lórí wa?

Ẹnìkan lè bi wá pé: "Eku kẹ̀? Ẹ̀dá tó ń jẹ wá lẹ́rù, tó ń ba oúnjẹ jẹ́, tí irú rẹ̀ ń gbé ibà Lassa kiri? Ṣebí ó wà nínú àwọn ẹranko márùn-ún tí sùnnà yọ̀ǹda kí a pa?" Òótọ́ ni. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jẹ́ kí èkúté máa gbé inú àpò ìrẹsì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Èkúté tó wọ ilé wa, ara rẹ̀ ló gbé wá. Ó ní ẹsẹ̀, ó ní ihò, ó lè sá, ó lè wá oúnjẹ. A gbèjà ilé wa, a sì pa á. Eku inú àgò kò gbé ara rẹ̀ wá. Àwa la ṣètò bí ó ṣe wá sáyé. Àwa la yan ilẹ̀ tó ń sùn lé, àwa la yan ìgbà tí yóò jẹun, àwa la gba gbogbo ọ̀nà tí ó lè fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bí a bá ti gba agbára ẹ̀dá kan láti tọ́jú ara rẹ̀, ìtọ́jú náà ti bọ́ sí ọrùn wa.

Ẹ rántí ìtàn obìnrin tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ, ẹni tó wọ iná nítorí ológbò. Ẹ wo ibi tí ẹ̀bi rẹ̀ wà. Kì í ṣe pé ó lu ológbò náà pa. Ó tì í mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá èyí tí yóò jẹ fúnra rẹ̀. Ká ní ológbò náà wà níta ni, ebi tó pa á kò bá má kan obìnrin yẹn. Ìtìmọ́lé ló sọ ebi ológbò di ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn. A rò pé ìdájọ́ yìí kan àgò eku gẹ́gẹ́ bí ó ti kan yàrá obìnrin náà.

Nítorí náà, kò sí ìtakora nínú kí ènìyàn pa èkúté nínú ilé ìdáná rẹ̀ láàárọ̀, kí ó sì lọ tẹ́ ìtẹ́ fún eku inú àgò ní ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò sọ pé àyẹ̀wò lórí eku jẹ́ hárámù. Ẹni tí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wà lára ọmọ rẹ̀ kò lè fi ìrọ̀rùn sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ẹni tí yóò mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fi gún wò. Kò sọ pé a kò gbọdọ̀ pa ẹyẹ jẹ. Ó ní kí a mọ bí ó ṣe ń dùn ún.

Ènìyàn ńkọ́?

Ẹlòmíràn á ní: "Ọmọ ènìyàn pàápàá ń kú ní ilé ìwòsàn nígbà tí iná ọba lọ, ẹ wá ń sọ ti eku." Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò sì fẹ́ fò ó dá. Bí ó bá jẹ́ pé owó kan ṣoṣo ló wà, tí a ní láti yan láàárín ẹ̀rọ ìmúgbóná ọmọ ènìyàn àti ìtẹ́ eku, kò sí àríyànjiyàn.

Àmọ́ ìtẹ́ eku kò gba owó ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Bébà tí a ti lò, tí a ya wẹ́wẹ́, ti tó. Kí a gbé àwọn ẹ̀gbọ́n kúrò kí àwọn àbúrò tó dé kò ju àgò kan sí i lọ. Kí a ka ọmọ ní ọjọ́ tí a bí wọn kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Yàtọ̀ sí èyí, ire ènìyàn gan-an wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àgbo. Àwọn aboyún tó ń mu àgbo lágbègbè wa kò níye, àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ nípa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ewé kan léwu fún oyún. Wọn á fún aboyún eku mu, wọn á sì ka àwọn ọmọ tó là á já. Bí ìdajì bá kú, wọn á kọ ọ́ pé ewé náà léwu. Bí ó bá wá jẹ́ pé nínú ilé yẹn, láìmu ewé kankan, nǹkan bí ìdajì ló ń kú ńkọ́? Wọ́n ti ba orúkọ ewé tó dára jẹ́. Tàbí kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ìdàkejì: ewé náà pa ọmọ púpọ̀, ìyá jẹ wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kà wọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ pé kò léwu. Obìnrin kan yóò mu ún ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Ìkòròdú nítorí ohun tí wọ́n kọ. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé òótọ́ àti àánú kò yàtọ̀ sí ara wọn níbí. Àgò tí a kò bìkítà fún yóò purọ́ fún wa.

Ọrùn ta ni ó wà?

Bí ìyá kò bá jẹ̀bi, ṣé òṣìṣẹ́ tó ń fọ àgò ló jẹ̀bi? A kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìyẹn náà á jẹ́ wíwá ẹni tó sún mọ́ òkú jù lọ. Òṣìṣẹ́ yẹn ló kéré jù nínú owó oṣù, wọn kì í sì í bi í ní ohun tó rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó béèrè ọgọ́rùn-ún eku kí oṣù tó parí wà níbẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán àgò wà níbẹ̀. Ẹni tó pín owó ìwádìí tí kò fi ti ìtọ́jú ẹranko sí i wà níbẹ̀. Àwa tí à ń gba abẹ́rẹ́ tí a kò béèrè ibi tó ti wá náà wà níbẹ̀. Ibi tí ó léwu ni pé, bí ẹ̀bi bá pín sí ọ̀nà púpọ̀ báyìí, olúkúlùkù lè rò pé tòun kéré débi pé kò sí mọ́.

Ẹ wo àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìkòròdú. Wọ́n mọ̀ pé bí ọmọ ẹja bá ń dàgbà, àwọn kan á yára ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn kékeré mì. A kò tíì gbọ́ kí ẹlẹ́ja gidi jókòó sẹ́bàá odò àtọwọ́dá rẹ̀ kó máa bú ẹja pé òṣìkà ni. Ohun tí yóò bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni pé: "Ìgbà wo lo ṣà wọ́n gbẹ̀yìn?" Ó mọ̀ pé òun ló kó wọn pọ̀ sójú kan, òun náà ló gbọ́dọ̀ yà wọ́n. Owó rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló kọ́ ọ ní òye yẹn. Kí ló dé tí a kò fi lè ní irú òye kan náà níbi tí owó kò ti sọnù, tó jẹ́ ẹ̀mí nìkan ló ń sọnù?

Àwọn kan á ní kádàrá ni, Ọlọ́hun ló kọ ọ́ pé kí wọ́n kú. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn gbogbo ìtọ́jú, àwọn kan á ṣì kú. Àwọn olùwádìí náà jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso, tó ní òun gbára lé Ọlọ́hun, ẹ mọ ohun tí Ànábì sọ fún un: kó so ó ná, kó tó gbára lé E. Ikú tí a kò lè dí lọ́nà ni ti kádàrá. Èyí tí bébà tí a ya wẹ́wẹ́ lè dí lọ́nà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya bébà náà.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì tàbí tí ẹ ń múra láti lọ kọ́ nípa ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ egbòogi tàbí ìmọ̀ ẹranko, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ìmọ̀ràn wa nìyí:

Ìkíní, ẹ ka ọmọ eku ní ọjọ́ tí a bí wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún kà á ní àwọn ọjọ́ tí ẹ ti dá. Ohun tí a kò bá kọ, a kò lè dáhùn fún un.

Ìkejì, ẹ fún ìyá ní ohun tí yóò fi tẹ́ ìtẹ́ kí ó tó bímọ. Ẹ má pààrọ̀ àgò rẹ̀ ní ọjọ́ tó súnmọ́ ìbímọ. Bí ẹ bá ní láti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó yá, ẹ gbé ìtẹ́ náà tẹ̀lé e.

Ìkẹta, ẹ yọ àwọn ọmọ àkọ́kọ́ kúrò kí ìkúnlẹ̀ tuntun tó dé, tàbí kí ẹ yọ akọ kúrò. Ìyá tó bá ti dàgbà jù, ẹ jẹ́ kó sinmi ọmọ bíbí.

Ìkẹrin, ẹ máa bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta tí William Russell àti Rex Burch gbé kalẹ̀ ní ọdún 1959: ṣé a lè rí ìdáhùn yìí láìlo ẹranko? Bí a kò bá lè rí i, ṣé a lè lo díẹ̀? Àwọn tí a bá sì lò, báwo ni a ṣe lè dín ìyà wọn kù?

Ìkarùn-ún, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ehoro, ẹ gbé àpótí ìtẹ́ tó ní koríko gbígbẹ sí i ní ọjọ́ mélòó kan kí ó tó bí. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ. Bí ẹ kò bá rí ìyá lórí àwọn ọmọ, ẹ má tètè sọ pé ó kọ̀ wọ́n. Ehoro kì í fún ọmọ lọ́mú ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójúmọ́, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ikùn àwọn ọmọ ni kí ẹ wò: bí ó bá kún, ìyá wọn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ta ló pa ọmọ eku? Nígbà mìíràn òtútù ni, nígbà mìíràn ebi ni, nígbà mìíràn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a kò yọ kúrò ni, nígbà mìíràn sì rèé, ohun tí ẹ̀dá kò lè dí lọ́nà ni. Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ìyá rẹ̀. Nínú ohun mẹ́ta àkọ́kọ́, ọwọ́ wa wà níbẹ̀. Ẹni tí a bá fi ohun alààyè sí lọ́wọ́, amáànà ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́, yálà ènìyàn rí i tàbí kò rí i, yálà a kọ ọ́ sínú ìwé tàbí ó ti lọ sínú ikùn ìyá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba Aláàánú jẹ́ kí a lè máa wádìí kí a tó dájọ́, kí Ó má jẹ́ kí ẹ̀dá kankan jìyà lábẹ́ ọwọ́ wa láìnídìí, kí Ó sì fi ìmọ̀ tó ń ṣeni lóore jíǹkí àwọn ọ̀dọ́ wa. Àmín.